Ìdun Kì Í Sanwó Ọkọ̀

"Gbọn ẹní kí o tó ká a, ìdun kì í sanwó ọkọ̀." Gbogbo wa là ń pa òwe yìí ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ọ̀mọ̀wé kan ní àwọn baba ńlá wa ló fi sílẹ̀ fún wa láyé ogun. Irọ́ ni. Àsàbí aránṣọ ló pa á, nídìí kọ̀ǹpútà, lọ́sàn-án gangan.

Pálọ̀ Àsàbí àti ọkọ rẹ̀, Tísà Oyèdìran tó ti fẹ̀yìn tì, ni kọ̀ǹpútà náà wà. Ohun kan ṣoṣo tó jọ Àsàbí lójú nínú rẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀. Kí màmá tó kú, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ki oríkì ilé wọn láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kì tán mọ́.

Lóṣù kan, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè. Bí Tísà bá fẹ́ ka ìròyìn, àwòrán obìnrin oníhòòhò ni yóò yọ sí i. Kò pẹ́, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn lórúkọ Tísà, ó ń polówó oògùn tó ń mú ọkùnrin le. Ìbídùn, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wò ó, ó ní amí ló wọ inú rẹ̀: ó ń sá pamọ́, ó ń wo gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀, ó sì ń rò ó fún olè. Ó ní kí Tísà kó ẹrù inú rẹ̀, fọ́tò, lẹ́tà àti ohùn màmá, sórí fláàṣì kí òun lè nu ẹ̀rọ náà mọ́. Tísà kó gbogbo rẹ̀ pátá. Ìbídùn nù ún tán, Tísà dá ẹrù padà. Ní ọjọ́ kẹta, pásítọ̀ tún gba lẹ́tà.

"Ipò àìfararọ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ni," Tísà wí.

"Ẹ sọ ọ́ kó yé èèyàn," Àsàbí fèsì. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Ìbídùn padà wá, ó fajú ro. "Mà, inú fláàṣì yẹn ló fi ṣelé. Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Àsàbí fò dìde. "Kí o pa ìyá mi rẹ́? A ò tíì bí ẹni náà."

"Mi ò mọ èyí tí amí wà nínú rẹ̀, mà."

"Nígbà tí a kó kúrò nílé tí a kọ́kọ́ gbé, ìdun ń jẹ wá bí ẹni ń jẹ àkàrà. Ṣé a dáná sun ẹní ni? A sá wọn sóòrùn, a fi igi lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá yìí nìkan ló ká tirẹ̀ láìgbọ̀n ọ́n. Àwọn ìdun bá a wọkọ̀, wọn ò san kọ́bọ̀, wọ́n sì ṣáájú wa yan yàrá. Tú fláàṣì yẹn, ká gbọn ohun inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú amí nínú, ó sì ń yẹ ẹrù náà wò. Fọ́tò mọ́. Lẹ́tà mọ́. Ohùn màmá mọ́. Àsàbí mí kanlẹ̀. Ìgbà tó kan nǹkan kan tó ní àwòrán ọpọ́n, ẹ̀rọ figbe ta.

"Kí nìyí, Bàbá?" Ìbídùn béèrè.

Tísà gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ayò ni. Ọ̀fẹ́ ni mo rí i gbà. Ó ti tó ìgbà ọgọ́rùn-ún tí mo ti pa kọ̀ǹpútà láyò."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀ta ayò!" Àsàbí pàtẹ́wọ́. "Ó ń jẹ́ kí ẹ pa òun kó lè ráyè tú ilé yín ni."

"Ṣé kò ṣeé fọ̀ ni? Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn."

"Bàbá, ẹ gbọn ẹní kí ẹ tó ká a," Àsàbí wí. "Ìdun kì í sanwó ọkọ̀."

Ìbídùn pa ayò rẹ́, ó nu kọ̀ǹpútà àti fláàṣì, ó sì dá èyí tó mọ́ padà. Ó da ohùn màmá kọ sórí fláàṣì tuntun méjì. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àbúrò Àsàbí ní Ẹdẹ, nítorí ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, ẹ̀mí kan ló ní. Lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ mọ́. Wọ́n ní pásítọ̀ fa Tísà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í bóyá oògùn náà ṣì wà.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń pariwo pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, tó sì di ohun tó ba ti àtijọ́ jẹ́ mọ́ ẹrù nítorí pé ó ń dùn mọ́ ọn, òun ni àwọn àgbà àdúgbò wa ń pa á fún: gbọn ẹní kí o tó ká a, ìdun kì í sanwó ọkọ̀.