Àwẹ̀ró àti Ìgalà Ojú Àlá

Kùrukùru máa ń pẹ́ lórí abà Ọdẹ́jìnmí débi pé àkùkọ ibẹ̀ pàápàá máa ń kọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Àwẹ̀ró wá fún Akínlàjà, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tó jẹ́ baálé. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dé góńgó, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹran. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sùn lọ sábẹ́ igi kan, ìgalà sì wá bá a lójú àlá, ó fi ahọ́n lá a lójú. Láti ìgbà náà, bí ẹran bá ti ń ta sánsán nínú ìkòkò, èémí ìgalà yẹn ló máa ń gbọ́ létí.

Àṣà ilé ọdẹ náà ni pé kí baálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹran fún ìyàwó tuntun níṣojú gbogbo ilé. Ọdẹ́jìnmí ti ìgbẹ́ dé pẹ̀lú ẹtu, apó ọfà ní èjìká ọ̀tún, àpò obì ní tòsì. Nígbà tí ẹtu jinná, ó gé ibi tó sanra jù, ó nà án sí Àwẹ̀ró.

“Ẹ gbé òkú yìí kúrò lójú mi! Ìkà ni gbogbo yín!”

Ajá tó ń jùrù nítorí eegun pàápàá dá ìrù dúró. Ọdẹ́jìnmí fa ọfà kan yọ, ó gún un mọ́lẹ̀ níwájú ìyàwó.

“Kí n tó ti ìgbẹ́ dé lọ́la, kí o ti kó ẹrù rẹ lọ sílé baba rẹ.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń sunkún lórí ẹrù.

“Ìyàwó, ṣé ata ni wọ́n fi wẹ ẹnu rẹ ni?”

“Ìyá, mi ò lè jẹ ẹ́ ni.”

“Ta ló bá ọ jà pé o ò jẹ ẹ́? Èmi náà ò fẹnu kan òkété rí, èèwọ̀ ilé wa ni. Baba Akínlàjà ń jẹ ẹ́ níwájú mi, ó tún ń lá ìka! Ṣé o gbọ́ kí n pè é ní ìkà?”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀ de baba ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó, nínú kùrukùru tó ń padà bọ̀.

“Ẹ kú ewu ìgbẹ́, Baba. Ẹran tí ẹ pa ni ọkọ mi jẹ dàgbà, mo sì bú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Àlá kan ni kò jẹ́ kó gba ọ̀fun mi lọ.” Ó rọ́ àlá náà fún un.

Baba sún mọ́ ọn. “Ìgalà ọ̀hún, ṣé ó ní ilà funfun lọ́rùn?”

“Ó ní in, Baba.”

“Mo pàdé rẹ̀ rí. Ó wò mí, ọwọ́ mi sì rọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní ọdẹ ń bẹ̀rù ẹran.”

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí èjìká. Àwẹ̀ró di ojú, ó ń retí ọfà. Ohun tútù kan bọ́ sí i lọ́wọ́: obì pupa.

“Ìpín tìrẹ nìyí láti òní lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò ní yé jẹ ẹran o!”

“Á máa gba ibi ire lọ, Baba.”

Nígbà tí wọ́n délé, Baba fa ọfà tu nílẹ̀, ó sì bèèrè ìpín ẹran ìyàwó. Ẹnu Akínlàjà ti kún fún un.

Láti ẹnu ọ̀nà igbó yẹn ni àwọn àgbà ti mú ọ̀rọ̀ yìí wálé, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.