Ìdí Tí Orúkọ Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì Fi Mọ sí Abúlé Méje àti Erékùṣù Kan

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ ìdílé. Orúkọ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ń jẹ́, orúkọ ọ̀hún náà kò sì pọ̀. Ọkùnrin tí kò bá ti jẹ́ Jọ́ọ̀nù, á jẹ́ Wílíámù. Ó parí.

Ẹ wo wàhálà! Ìyá kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Jọ́ọ̀nù, wá jẹun!" Ogójì Jọ́ọ̀nù á ya wọlé, wọ́n á jẹ oúnjẹ náà tán. Jọ́ọ̀nù tí ó bí gan-an á wà níta, ebi á máa pa á.

Àwa níhìn-ín, ọmọ kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́fà, kí ó tún ní oríkì lé e. A ò mọ irú ìyà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ìtàn kò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Ohun kejì tí ó tún ń dà wọ́n láàmú ni pé wọn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá. Ojú máa ń tì wọ́n. Bí o bá tẹ ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ni yóò máa bẹ̀ ọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ẹ kò lè tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ kí n bẹ̀ yín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kan, Ọba wọn fẹ́ gẹ irun. Ó ní, "Ẹ bá mi pe Jọ́ọ̀nù wá, kí ó mú abẹ dání." Ọ̀ọ́dúnrún Jọ́ọ̀nù ni ó dé, tàwọn ti abẹ. Ọba kò lè lé ẹnikẹ́ni padà, nítorí ojú ń tì í. Ó jẹ́ kí olúkúlùkù gẹ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe tán, orí Ọba ń dán bí igbá tuntun.

Ọba wo ara rẹ̀ nínú omi, ó pariwo. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Gbogbo ìdílé gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀!"

Kò sí ìwé nígbà náà, nítorí náà orí ewé kábéèjì ni wọ́n kọ orúkọ sí. Ewé kan, ìdílé kan. Wọ́n kọ Súmíìsì kún apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n kọ Bíráùn kún òmíràn, wọ́n kọ Táílọ̀. Èyí tí Ọba fẹ́ràn jù lọ ni ó kọ kẹ́yìn, tòun ti ẹ̀rín músẹ́: Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì. Ẹ rọra máa pè é o, kí ó má baà há yín léyín.

Apẹ̀rẹ̀ Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì ni ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn lórí ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pín orúkọ ni yóò gba ewé kan níbẹ̀. Gbogbo ìyókù, ti àwọn ará Àríwá ni, tí wọn yóò dé ní ọjọ́ kejì.

Ta ni Ọba wá gbé apẹ̀rẹ̀ kábéèjì lé lẹ́yìn? Àgùntàn! Irun tán lórí Ọba, ó jọ pé ọgbọ́n bá a lọ.

Ṣùgbọ́n Ọba ní ìdí tirẹ̀. Nínú gbogbo ẹranko, Àgùntàn ni ó mọ ìwà hù jù. Kò lè fẹnu kan koríko kan láì kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Kannakánná, akọ̀wé Ọba, bà sórí igi, ó kéde òfin. "Ẹni tí kò bá gba orúkọ kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ tí Ọba dá fún un, kò lórúkọ. Ẹni tí kò lórúkọ, kò nílé. Ilé rẹ̀ á di ilé ẹlẹ́dẹ̀ Ọba!"

Nínú àfonífojì kan, ní ẹ̀yìn abúlé kẹfà tí ènìyàn bá kà á láti ààfin, obìnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Máríọ́nì. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gọ́dífíríì. Máríọ́nì ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ru òkúta láti odò. Bí ó bá ń jáde láàárọ̀, á fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, bí ẹni ń kí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ "ilé ẹlẹ́dẹ̀", àyà rẹ̀ já.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ pé, òun àti ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé iwájú ààfin. Wọ́n tò sórí ìlà. Àwọn ni ẹni kìíní.

Baba arúgbó kan dé, ó ń tiro. Gọ́dífíríì ní, "Baba, ẹ máa lọ síwájú." Ó dára, ta ni yóò bá a wí?

Ìyá ọlọ́mọ kan dé. "Ìyá, ẹ máa lọ síwájú."

Ọkùnrin kan tí ń kánjú dé. "Ẹ máa lọ síwájú." Ọkùnrin kan tí kò kánjú rárá dé, tí ó kàn dé fìlà tó dára. "Ẹ máa lọ síwájú, fìlà yín mà wù mí o."

Máríọ́nì já a léèékánná. "Gọ́dífíríì! Ṣé orí ẹ pé? Ilé wa ni wọ́n fẹ́ gbà!"

"Ìyàwó mi, ojú ló ń tì mí."

"Ojú kọ́ ló ń tì ọ́! Tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ, ojú ẹ á là!"

Ó jọ pé ó gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ìlà ti gùn kọjá òkè mẹ́ta, àwọn méjèèjì ló sì wà ní ìparí rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà níwájú wọn tí kò tilẹ̀ nílò orúkọ. Ó kàn rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò ni, ó bá wọn tò.

Súmíìsì tán. Bíráùn tán. Táílọ̀ tán. Nígbà tí ó yá, ó ku Máríọ́nì, Gọ́dífíríì, àti Àgùntàn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìkẹyìn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí Kannakánná ṣe fẹ́ na ewé kan sí wọn ni agogo mẹ́rin lù. Ẹ jọ̀wọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí agogo mẹ́rin bá lù, bí ilé bá ń jó, tíì ni wọ́n máa kọ́kọ́ mu. Kannakánná sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, ó fò lọ síbi tíì rẹ̀.

Ọ̀fun Máríọ́nì ti gbẹ nítorí ariwo tó ń pa láti àárọ̀. Ó ní, "Mò ń lọ mu omi. Gọ́dífíríì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá o!"

"Kò kúkú sẹ́ni tó kù mọ́, ìyàwó mi."

Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó kọjá. Ṣùgbọ́n ebi ń pa Àgùntàn, kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ máa bínú tí mo bá tọ́ ewé kan wò?"

Gọ́dífíríì mọ̀ pé kò yẹ. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jáde ni, "Rárá o! Kí ni mo máa bínú sí?"

Wóró. Ewé kan ti lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ máa bínú tí mo bá tún mú ẹyọ kan?"

"Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀."

Wóró. Wóró. Wóró. Bí Àgùntàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni Gọ́dífíríì ń gbà, bí ó ṣe ń gbà ni òógùn ń bò ó. Ó tilẹ̀ bá a di apẹ̀rẹ̀ mú kí ó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí Máríọ́nì padà dé, inú apẹ̀rẹ̀ mọ́ tónítóní. Etí ewé kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù lẹ́nu Àgùntàn. Máríọ́nì rí i, ó sáré lọ gbà á. Gbì! Àgùntàn gbé e mì.

Kannakánná fò dé, ó ń nu ẹnu. Ó wo apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Kò séwé, kò sórúkọ. Kò sórúkọ, kò sílé. Ẹ lọ kó ẹrù yín."

Máríọ́nì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Òkúta ọdún mẹ́sàn-án ni ó ń sun lẹ́kún. Gọ́dífíríì dúró tì í, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí.

Nígbà tí ẹkún tó, Máríọ́nì dìde. Ó di Àgùntàn létí mú, ó wọ́ ọ wọ ààfin.

"Kábíyèsí, ẹ ní ká gba orúkọ. Orúkọ wa nìyí. Àpò tó wà nínú ẹ̀ ló ń ké mẹ̀ẹ̀!"

Ọba ya ẹnu Àgùntàn, ó wo inú rẹ̀. Ó rí ewé lára eyín. Orúkọ tí ó fẹ́ràn jù lọ láyé! Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè sọ pé rárá fún obìnrin náà, kò sì lè ba òfin ara rẹ̀ jẹ́. Ó họ orí dídán.

Ó ní, "Orúkọ wà nínú Àgùntàn lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ ló gbà wọlé, ẹnu rẹ̀ náà ló máa gbà jáde. Ẹ mú un gorí òkè. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá dé kí oòrùn tó wọ̀, ibẹ̀ ni Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì máa dé. Ilé tí ó bá gbọ́ ọ, ilé náà ti lórúkọ nìyẹn."

Gbogbo wọn sáré gun òkè, Ọba náà sì tẹ̀ lé wọn. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Láti orí òkè, Máríọ́nì ń wo òrùlé ilé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kéré bí èékánná.

"Ó yá, ké!" ni ó wí.

Àgùntàn wo Ọba, ojú tì í. Ó ní, "Mẹ̀." Kò tilẹ̀ jí èèrà.

"Ké sókè!"

"Ẹ má bínú mà, kíké níwájú Kábíyèsí kò bójú mu. Ikùn mi sì tún kún." Ó tún ní, "Mẹ̀ẹ̀." Èyí dé ìsàlẹ̀ òkè, ó dúró níbẹ̀.

Oòrùn ku ìlàjì. Àgùntàn yíjú sí Gọ́dífíríì, ẹni tí kò já a kulẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ máa bínú tí mo bá kọ́kọ́ jókòó, kí n sinmi díẹ̀?"

Gọ́dífíríì la ẹnu. "Rá..." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Máríọ́nì kò já a léèékánná lọ́tẹ̀ yìí. Kò bú u. Ó kàn ń wo ilé rẹ̀.

"MÀÁ BÍNÚ!" ni Gọ́dífíríì ké. "Màá bínú gidigidi! Àní màá bínú!"

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ náà. Kannakánná jábọ́ lórí ẹ̀ka igi. Ọba fẹ̀yìn balẹ̀. Àgùntàn fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì figbe ta: "MẸ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀!"

Ohùn náà kọjá abúlé kìíní. Ó kọjá ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ó kọjá ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ó wọ àfonífojì, ó kan ilẹ̀kùn Máríọ́nì, gbàgà! Ó tún rọra wọ abúlé keje, ó sì tán níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo kábéèjì tó wà nínú Àgùntàn rú sókè, tí Àgùntàn sì gùnfẹ̀. Gẹ̀ẹ̀ẹ̀! Atẹ́gùn gbé gùnfẹ̀ náà, ó gbé e kọjá òkun lọ sí erékùṣù kékeré kan, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń sá ẹja. Ìyá náà gbé orí sókè, ó ní, "Mo gbọ́ o!" Bí òun náà ṣe di Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì nìyẹn. Oòrùn wọ̀.

Máríọ́nì di mọ́ ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, tún un sọ."

"Màá bínú."

"Tún un sọ!" Títí wọ́n fi délé ni ó ń mú kí ó tún un sọ.

Nígbà tí àwọn ará Àríwá dé ní ọjọ́ kejì, kò sí ewé fún wọn. Ìkánjú ni Ọba fi kọ Súmíìsì lé Súmíìsì fún wọn, ìdí nìyẹn tí Súmíìsì fi pọ̀ bí eṣú. Ó wá sọ fún Àgùntàn pé, "Orúkọ ìdajì ilẹ̀ mi ló wà nínú rẹ. Máa pọ̀ ọ́ wá lẹ́yọ ẹyọ, títí wàá fi dá gbogbo rẹ̀ padà."

Láti ọjọ́ náà ni àgùntàn ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí ẹ bá rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ tí kò sì jẹ nǹkan kan, orúkọ ló ń wá. Kò tíì rí ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Tọ́mbùlìkọ́ọ̀tì kò ti sí níbòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ní abúlé méje náà àti ní erékùṣù kan ṣoṣo láàárín òkun.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n pọ̀? Wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ọ̀hún, tí o bá ọ̀kan nínú wọn lórí ìlà, tò sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Má sọ fún un pé ò ń kánjú. Má ṣe tìtorí fìlà rẹ tó dára ní kí ó jẹ́ kí o kọjá. Àwọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, wọn yóò sì sọ ọ́ sí ọ létí: "Màá bínú!"