Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba Láyípò

Bí ará Àgbọnlé bá sọ pé, "Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú, kó má fọn fèrè," àlejò a máa wò wọ́n suu. Ta ló bẹ àlejò pé kó fọn fèrè? Láyípò ni kí ẹ bi.

Olóyè ni Láyípò, ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. Baba rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń súfèé lẹ́nu ọparun tó ṣẹ́, ló bá gé e, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe afẹ́fẹ́. Bí orin ṣe dé ìlú nìyẹn. Ṣùgbọ́n fèrè fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá títí ó fi rọ̀ bí àpò òfìfo. Èyí a máa ti ọmọ lójú.

Nígbà tí ọba fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn tuntun sí ààfin, ó ní baba ilé tó mú orin wá ni kí wọ́n gbẹ́ sí i, ilé náà ni yóò sì máa fọn fèrè ṣáájú òun lọ́jọ́ ọdún. Ilé Jagun ń du ipò yìí pẹ̀lú, wọ́n ní baba tiwọn ló mú orin wá. Láyípò sáré lọ bá Ọnàyẹmí agbẹ́gilére. Ó rí àwòrán bàbá tí ó fi ẹfun yà sára pákó, inú bí i.

"Ṣé sẹ́gẹdẹ ló ń ṣe baba mi ni?"

"Ẹ má bínú, Olóyè. Ohùn kò ṣeé gbẹ́ sígi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni ojú fi ń gbọ́ ọ."

"Mo ní kí o fá a!"

Ọnàyẹmí fá a. Láyípò tún ní fèrè bo ètè bàbá, Ọnàyẹmí sún un kúrò lẹ́nu. Nígbà tí iṣẹ́ parí, bàbá dán bí ọkọ ìyàwó, ó di fèrè mú bí ẹni tó ń bá ẹlòmíì gbé e dání.

Ọjọ́ pé. Ọba wo ilẹ̀kùn títí.

"Láyípò, kí ni bàbá rẹ ń ṣe níbí?"

"Kábíyèsí, fèrè ni wọ́n ń fọn."

"Ó dáa. Ẹ fún un ní fèrè. Fọn ún bí wọ́n ṣe ń fọn ún yẹn."

Láyípò gbé fèrè jìnnà sẹ́nu, ó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Fùùù! Bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bò ó, ó gbàgbé ẹwà, ó ki fèrè bọ ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú bámú, fèrè sì han gooro.

"Ẹ̀n-ẹ́n, fèrè rèé," ni ọba wí. "Ta wá ni ti ara ilẹ̀kùn?"

Ìyá arúgbó kan dìde. "Kábíyèsí, mo mọ baba Láyípò dáadáa. Kì í ṣe ọkùnrin yìí."

Òótọ́ ni ìyá sọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni ẹ̀rí tí Láyípò ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n fá a.

Ilé Jagun gba ipò. Láyípò gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ relé. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ń fọn fèrè kọjá lójúde rẹ̀, Láyípò a jókòó ti baba arẹwà tí kò lóhùn, àwọn ọmọ Jagun a sì fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i: ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú, kó má fọn fèrè.