Ìṣó Tí Kò Dún

Àkànjí ọmọ mi, ọkùnrin kan wà ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, tó ń gbé inú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Páànù ilé náà ti dípẹtà, ó sì ń jò. Lásìkò òjò, ìyàwó rẹ̀ a máa fa ẹní àwọn ọmọ láti igun kan sí igun kejì.

Ọkùnrin náà ra páànù tuntun, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó ní kó kàn án lé èyí tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣahun. Ní ìlú wa nígbà náà, ẹni tó bá hùwà tó burú jáì ni wọ́n máa ń ṣí òrùlé ilé rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá rí ilé bàbá òun ní ìhòòhò, kó máa béèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Káfíńtà gun òkè. Ó kan ìṣó àkọ́kọ́, kò dún bí ìṣó tó bá igi líle. Ó kan èkejì, ó wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ inú ẹ̀kọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá baálé ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ìṣó mi kò rí ohun tó máa dì mú. Tí mo bá kàn án báyìí, yóò dára lójú. Ṣùgbọ́n igi tí kò lè gbé ẹyọ kan mọ́ lẹ fẹ́ kó gbé méjì."

Ọkùnrin náà bi í pé ọdún mélòó ni yóò fi dúró. Ó fèsì pé igi kì í sọ ọjọ́ tí yóò ṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin náà wo yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Ó ní kí wọ́n ṣí i.

Wọn kò tíì ṣí i dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi dé. Ó bi í bóyá bàbá àwọn jalè ni, tí wọ́n fi ń ṣí òrùlé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ní baálé ilé ti la fèrèsé tuntun, ojú ọ̀run ló dojú rẹ̀ kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ká páànù bàbá wọn kúrò, páànù mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká ìyẹn náà, koríko tí bàbá bàbá wọn fi bo ilé ló kù níbẹ̀, ó ti dúdú, ikán ti fi ṣe ilé. Káfíńtà fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa igi kan yọ, lókè ibi tí ẹní àwọn ọmọ wà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba igi náà, ó fi èékánná họ ọ́, ó dà sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀.

"Abẹ́ èyí ni wọ́n bí gbogbo wa sí," ó wí.

Kò tún bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wọlé, ó bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ di ẹrù, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sí ilé tirẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Àkànjí, ó di oṣù mẹ́rin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí o ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láràárọ̀ kí ìyàwó rẹ má baà mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o wá iṣẹ́ mìíràn kàn lé e. O kò gbọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ Àìkú, o jókòó ti ìyàwó rẹ, o sọ gbogbo rẹ̀ fún un. O ní láti ìgbà náà, ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ, kò sì sọ̀rọ̀.

Mi ò ní tàn ọ́, àyà mi ń já. Òjò lè bá ilé tí wọ́n ṣí lórí. Síbẹ̀, má sáré bò ó. Jẹ́ kó wò ó dáadáa, kí o sì dáhùn ohun tó bá bi ọ́.

Èmi àti bàbá rẹ, páànù là ń kàn lé páànù ní gbogbo ọjọ́ wa. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣí i, orí mi sì wú. Nígbà tí ò ń rò ó fún mi lórí fóònù, mo tẹ́tí sí ohùn rẹ. Ìṣó náà dún.