Ẹní Ìyá Lẹ́nu Géètì

Baálé ilé kan wà ní àdúgbò tí mo gbé rí. Jókòó dáadáa, Adéyanjú, yéé wo aago. Ọ̀rọ̀ tí o bá wá náà ni mo ń dáhùn yìí. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú un wá láti abúlé. Ó fún un ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé, ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra fóòmù tó nípọn. Ìyá dúpẹ́ títí. Ó to aṣọ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sùn sórí ẹní.

Ẹrù ìyá kò pọ̀. Ẹní kan, ìrọ̀rí òwú tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, àpótí ìjókòó tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ fún un nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun, àti póò onírin kan tó fi ń tọ̀ lóru, tí ọ̀dà etí rẹ̀ ti bó. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó wá di pé ọmọbìnrin ilé náà fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn àna sì ń bọ̀ wá mọ ilé ní ọjọ́ Sátidé. Sátidé yẹn kan náà ni ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀ wá kó ògbólógbòó ẹrù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Àga tó ti ya, fíríìjì tó ti kú, ohunkóhun tí onílé kò bá fẹ́ mọ́, kí ó gbé e sẹ́nu géètì kí aago mẹ́jọ tó lù, wọn á bá a kó o lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Èmi náà ti gbé rédíò síbẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí gbé àga méjì tó ti ya síta. Ó padà wọlé, ó yọjú sí yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá wà ní balùwẹ̀. Ó wo ẹní, ó wo póò, ó sì rò ó bí yóò ṣe rí bí àwọn àna bá ṣíjú wo yàrá yẹn. Ojú tì í. Ṣé o gbọ́ mi? Ojú tì í nítorí ẹrù ìyá tó bí i. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì ń bẹ, kí ni wọ́n tún ń fi ẹní ṣe?" Ó ká ẹní, ó kó ìyókù lé e, ó kó wọn sẹ́nu géètì. Kò bi ẹni tó ni ín léèrè.

Ó kàwé o, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀ ní abúlé wọn, ó ti gbàgbé rẹ̀. Ta ni à ń kó ẹní àti ìrọ̀rí rẹ̀ síta? Ẹni tó bá kú ni. Bí o bá rí ẹní àgbàlagbà àti ìrọ̀rí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, o ò tún ní í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́.

Aránṣọ kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, obìnrin tó máa ń wá bá ìyá tàkúrọ̀sọ. Bó ṣe ń ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló rí ẹní. Ó káwọ́ lérí: "Yéè! Màmá ti lọ!" Kò pẹ́ rárá tí obìnrin mẹ́fà fi kún pálọ̀ ọkùnrin náà, tí wọ́n ń nu omijé.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ta ló kú?" ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ ṣara gírí, sà," aránṣọ dá a lóhùn. "A ti rí ẹní wọn níta."

Háà! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó wu ọkùnrin náà kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Kí ni kó sọ? Kó ní ìyá kò kú, òun ló ń da ẹrù rẹ̀ nù?

Ibẹ̀ ni ìyá ti jáde láti balùwẹ̀, ó ró ìró mọ́ àyà, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà figbe ta, ó sá sẹ́yìn àga. Ìyá ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ẹní rẹ̀, ó rí póò rẹ̀ lórí àga tó ya. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ nu ojú yín," ó ní. "Èmi ni mo rán an. Ìdun ló ń jẹ mí, mo ní kó bá mi sá ẹní sóòrùn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọkùnrin, ibi tó mọ̀ ọ́n sá sí nìyẹn."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Màmá á pẹ́ fún wa. Wọ́n fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n sì lọ. Ìdun kankan ò sí nínú ilé yẹn, Adéyanjú. Obìnrin tó ti na ọmọ yẹn rí nítorí irọ́, òun ló dúró láàárín pálọ̀ tó ń purọ́ nítorí rẹ̀.

Ọkọ̀ akólẹ̀ fun fèrè níta. Ọkùnrin náà sáré jáde láìwọ bàtà. Wọ́n ti ju àpótí sínú ọkọ̀, irin tó ń tẹ ẹrù ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó já ẹní gbà lọ́wọ́ akólẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kó o síta, Alàgbà," akólẹ̀ ní. "Ṣé ẹ tún fẹ́ ẹ ni?"

Ó ru ẹní wọlé, àdúgbò ń wò ó.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, ó sunkún. Ìyá ní kó dìde, pé àwọn àna máa tó dé, pé òun ò bínú. Òótọ́ ni, kò bínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá mu omi tán, á di ife mú lọ́wọ́ títí ẹnì kan á fi kọjá. "Ṣé kí n gbé e síbí?" á béèrè. "Ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?" Bó bá bọ́ bàtà, á béèrè. Bó bá fẹ́ sá aṣọ, á béèrè. Ọmọ á ní, "Ìyá, ilé yín ni." Ìyá á ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi." Lọ́jọ́ kejì, á tún béèrè. Ọdún mẹ́rin ló lò sí i láyé, kò yéé béèrè. Àpótí tuntun mẹ́ta ni ọkùnrin náà ra fún un, kò jókòó lórí ìkankan nínú wọn.

Ìwọ náà rèé, o wá ní kí n bá ọ wá ẹni méjì tí yóò gbé àga bàbá rẹ síta ní Sátidé, kí bàbá tó ti ìpàdé ẹgbẹ́ dé. O ní àga náà ń ba yàrá jẹ́. Mi ò ní wá ẹnikẹ́ni fún ọ. Lọ bá bàbá rẹ nísinsìnyí, kí o bi í léèrè. Bó bá ní kó lọ, kó lọ. Bó bá ní kó dúró, fa àga mìíràn sún mọ́ ọn kí o bá a jẹun. Nítorí mo mọ bàbá rẹ. Bí o bá dójú tì í, kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò bo àṣírí rẹ ni, o ò sì ní í rí ojú tí wàá fi wò ó mọ́.