Ẹfúnbọ́lá Àwẹ̀ró, Obìnrin Tí Ó Da Epo Ògúnrántí Sílẹ̀

Ní ọdún tí ogun Ògúnrántí fọ́ ìlú Ìsàngbó, kò sí abúlé tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ẹ̀bá ọ̀sà. Ìbọn ni Ògúnrántí, jagunjagun náà, fi ń jà, epo pupa ni ó sì fi ń ra ẹ̀tù ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò etí òkun. Nítorí náà ni ibùdó epo ṣe pọ̀ ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀, àwọn obìnrin tí ó kó lógun ni ó sì kún inú wọn. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fá orí wọn, wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n lọ́rùn lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a lé wọn sínú ẹkù, kòtò ńlá tí a fi amọ̀ rẹ́, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èyí tí ó bá ṣubú, ẹgba ni yóò gbé e dìde. Èyí tí ẹgba kò bá gbé dìde, igbó ni wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Nínú ibùdó tí ó wà lórí òkè kan ni Ẹfúnbọ́lá wà, Àwẹ̀ró ọmọ ọlọ́pẹ tí kì í sá fún ẹ̀gún, adúmáadán tí fífá tí wọ́n fá orí rẹ̀ kò bu ẹwà rẹ̀ kù rárá. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ọmọ ogun kan ń yangàn pé epo inú ẹkù yìí ni yóò ra ẹ̀tù tí wọn yóò fi run ìlú Ìlájà. Ìlájà ni Ọmọ́bọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, sá lọ nígbà tí ilé wọn ń jó. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó wá fi ń tẹ ikú ọmọ rẹ̀! Inú bí i, ó dá ẹsẹ̀ dúró, kò tẹ ẹyìn mọ́.

“Àwẹ̀ró, farabalẹ̀,” ni Ìyá Wúrà wí, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn. “Wọn yóò bẹ́ wa lórí o.”

“Ẹ̀yin ìyá mi,” ni ó dáhùn, “ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para kó tún jókòó ti iná. Àwa tilẹ̀ ń tẹ epo náà fún wọn! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ta ni yóò bá mi ṣí ihò ìdí ẹkù?”

Ìyá Wúrà tutọ́ sílẹ̀. “Ó dáa, ọmọ mi. Ibo ni kí n ti fà á?”

Ọ̀sán gangan ni, Ògúnrántí fúnra rẹ̀ sì ń gun òkè bọ̀ wá wo epo rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibùdó sì ti sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Àwọn obìnrin náà fa amọ̀ àti àkísà tí a fi dí ihò ẹkù yọ. Epo tú jáde gbàà, ó gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè náà.

“Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ẹrú?” ni Ògúnrántí jágbe láti ìsàlẹ̀.

“Ògúnrántí!” ni Ẹfúnbọ́lá ké. “Ẹ̀tù rẹ ni ó ń ṣàn lọ yẹn, yára fi igbá gbọ́n ọn! O fọ́ Ìsàngbó, o kò fọ́ àwa. Bí o bá ń fẹ́ epo mìíràn, wọ inú ẹkù kí o tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ!”

Ògúnrántí pàṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n. Àwọn ọmọ ogun rọ́ gun òkè, epo sì gbé wọn ṣubú yakata; Ògúnrántí pẹ̀lú kẹ̀m̀bẹ̀ ńlá rẹ̀ fi ìdí balẹ̀, ó ń yọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tí ó ti pẹ́ nínú epo mọ bí a ti ń fi ọmọ ìka tẹ ilẹ̀ mú. Àwọn obìnrin náà di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Ìbọn kan ró, ó bá Ìyá Wúrà. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sá lọ, wọn kò fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Ògúnrántí kò rí ẹ̀tù rà mọ́ lọ́dún náà, Ìlájà sì bọ́ lọ́wọ́ ogun rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ẹfúnbọ́lá ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀, tí ó sọkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn obìnrin ẹkù tẹ Ìdó-Àwẹ̀ró dó sí etí odò, wọ́n sì fi òfin kan lélẹ̀. Títí dòní, ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi baálẹ̀ jẹ níbẹ̀, wọn a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọn a mú un wọ inú ẹkù, yóò máa tẹ ẹyìn, àwọn obìnrin ìlú yóò sì dúró lókè máa wò ó. Kò gbọdọ̀ jáde àfi bí èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn bá sọ pé ó tó. Wọn a máa tètè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Baálẹ̀ tí ó jẹ gbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé gbogbo àwọn obìnrin náà ni ó mọ̀ pé ó ti na ìyàwó rẹ̀ rí.