Ibi Tí Oòrùn Ò Dé

Àwọn pẹ́ńtà tó ń kun ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: "Ibi tí oòrùn ò dé la ti ń mọ àwọ̀ ọkọ̀." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á yanu. Ṣebí inú oòrùn lojú ti ń ríran? Ta ló ń wọnú òkùnkùn lọ wo àwọ̀? Ẹ fara balẹ̀. Ìfẹ́ ló bí òwe yìí, mo sì mọ bó ṣe bí i.

Ọ̀dọ́kùnrin pẹ́ńtà kan wà tó ń jẹ́ Bọ̀sún. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, ẹnu rẹ̀ sì dá ju ọwọ́ lọ. Ojú Àṣá ló sọ ara rẹ̀. Á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń wo ọkọ̀. Bí mo bá ti wò ó, mo ti po ọ̀dà rẹ̀ tán lórí mi."

Ìbídùn, ọmọ Alàgbà Fásanmí, nìkan ni ojú yẹn ò rí ìdí rẹ̀. Ọmọge náà dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Bọ̀sún ti sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá pàdé rẹ̀ láàárín èèyàn, á wolẹ̀, á kọjá, bí ẹni kọjá lára ògiri.

Ìgbà tó yá, Alàgbà wọ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀sún. Ọkọ̀ eré-ìje onílẹ̀kùn méjì ni, irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Òun ni Alàgbà fi gbé ìyá Ìbídùn, tó ti di olóògbé, wálé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Àwọ̀ tó gbé wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni mo fẹ́," ni Alàgbà wí. "Mo gbọ́ pé o ń wo ọmọ mi. Bí o bá rí àwọ̀ yẹn, wá bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí o ò bá rí i, má tẹ àgbàlá mi mọ́."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, sà. Èmi Ojú Àṣá!"

Bọ̀sún wo ìlẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pupa rúsúrúsú ni. Ó po pupa rúsúrúsú. Ó ń kánjú, kò bọ́ rọ́bà tó yí etí ìlẹ̀kùn àti bútù ká. Ìwé ìròyìn ló lẹ̀ bò wọ́n. Ó fín ọ̀dà abẹ́ funfun, ó fín pupa lé e.

Alàgbà àti Ìbídùn wá wò ó. Bàbá yí ọkọ̀ náà po.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Tiyín ni, sà."

"Rárá o. Ìyàwó mi ò jókòó nínú ọkọ̀ aláwọ̀ bíríkì rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá wọ́ ọ lọ."

Ó bínú jáde, ó gbàgbé fìlà. Ìbídùn padà wá mú un.

"Ó parí náà nìyẹn," ni Bọ̀sún wí. "Bàbá rẹ ti lé mi. Ìwọ alára, mo ti wo ojú rẹ tipẹ́, kò sí ìfẹ́ níbẹ̀."

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá Ojú Àṣá! Ojú tẹ́ ẹ fi wo ọkọ̀ náà lẹ fi ń wò mí?"

"Kí ni mo fi ọkọ̀ ṣe?"

"Ibi tí oòrùn ti ń nà án láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ wò. Ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín sí yín níwájú bàbá mi ni, kí àdúgbò ní ọmọ Fásanmí ò gbẹ̀kọ́? Àyà mi lẹ ò bi léèrè. Oòrùn ò dé ibẹ̀."

Ó mú fìlà, ó sáré jáde.

Bọ̀sún tún un sọ fún ara rẹ̀. Oòrùn ò dé ibẹ̀! Ó yíjú sí ọkọ̀. Ó ṣí bútù, ó fa rọ́bà tí kò bọ́ nígbà àkọ́kọ́ yọ. Lábẹ́ rẹ̀, pupa kan tí oòrùn ò tíì ṣá ń wò ó, pupa bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ó rọra fi sáńpépà olómi ha á. Àwọn ọ̀dà náà yọ lẹ́yìn ara wọn bí òrùka: pupa, lẹ́yìn náà ọ̀dà abẹ́ tó dúdú bí kòkó, lẹ́yìn náà àwọ̀ eérú. Dúdú abẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí pupa òkè jinlẹ̀. Òun sì ti fi funfun sí i! Ojú Àṣá ha gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ dànù, ó sì tún un kùn bó ṣe bá a: eérú, dúdú, pupa.

Nígbà tí Alàgbà dé pẹ̀lú Ìbídùn àti awakọ̀ tó fẹ́ wọ́ ọkọ̀ lọ, bàbá tún yí ọkọ̀ náà po. Kò lọ síbi ìlẹ̀kùn awakọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì ló ṣí, ó dì í mú, ó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń dúró kí ìyàwó kó aṣọ rẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ìgbà tó yá ló rántí pé kò sẹ́nì kankan.

"Níbo lo ti rí i?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ibi tí oòrùn ò dé, sà. Abẹ́ rọ́bà."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ bá mi sọ?"

Bọ̀sún dọ̀bálẹ̀ sínú eruku ọ̀dà. "Ìbídùn ni, sà."

Alàgbà wo ọmọ rẹ̀. Ìbídùn wolẹ̀, ojú rẹ̀ le koko bí ti àtẹ̀yìnwá.

Awakọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí Bọ̀sún. "Ọ̀gá, ó jọ pé kò fẹ́ yín o."

Bọ̀sún rẹ́rìn-ín láti ilẹ̀. "Ìwọ máa wo ojú. Èmi ti ṣí rọ́bà."

Ọkọ̀ yẹn ló gbé Ìbídùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pupa bí ẹyìn, òrùlé rẹ̀ ní kíká, ìyàwó sì ń rẹ́rìn-ín kí gbogbo ìlú lè rí i. Látìgbà náà, bí ọmọkùnrin kan bá ń ráhùn pé ẹni tóun fẹ́ ò rẹ́rìn-ín sóun, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá fi ojú òde ṣèdájọ́ ọmọnìkejì rẹ̀, àwọn pẹ́ńtà Ìjẹ̀bú-Òde á ní kó rọra: ibi tí oòrùn ò dé la ti ń mọ àwọ̀ ọkọ̀.